Ohùn Ìyá Tíṣà Tí Mo Pa Rẹ́

Èmi ni mo pa ohùn ìyá náà rẹ́. Kì í ṣe ọ̀gá wa, kì í ṣe oníkámẹ́rà, èmi ni. Nígbà tí inú bá ń bí mi, mo máa ń fẹ́ di ẹ̀bi náà ru ẹlòmíràn, mo sì mọ̀ pé àwọn kan ní ìpín tiwọn níbẹ̀, àmọ́ ìka tó tẹ bọ́tìnnì yẹn, ìka mi ni.

Ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ni mo di olóòtú ìròyìn ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn kékeré kan tó wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lójú ọ̀nà tó ti Bẹẹrẹ gòkè lọ sí Mápó. Tí èèyàn bá gbọ́ "olóòtú", yóò rò pé mo ní èrò lábẹ́. Àwa méjì péré ni gbogbo ẹ̀ka ìròyìn: èmi tí mò ń kọ ìròyìn tí mo tún ń kà á, àti oníkámẹ́rà kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí mò ń pè ní Bọ̀dá. Bọ̀dá náà ń pè mí ní Àǹtí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò tó àbúrò wọn àbíkẹ́yìn. A ní kámẹ́rà kan, kọ̀ǹpútà kan tí inú rẹ̀ ti kún dẹ́nu, àti káàdì méjì tí à ń ya àwòrán sí. Bí káàdì bá kún, a ó pa ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, a ó tún un lò. Báyìí ni ìròyìn ọ̀sẹ̀ yìí ṣe ń jẹ ìròyìn ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo kọ lẹ́tà sí ọ̀gá lẹ́ẹ̀mejì pé kí wọ́n bá wa wá ohun tí a lè máa kó nǹkan pamọ́ sí. Wọ́n ní àwọn ti rí lẹ́tà.

Ọ̀gá wa kì í ṣe èèyàn burúkú. Wọ́n máa ń béèrè àlàáfíà ọmọ mi, wọ́n sì máa ń jẹ́ kí n tètè lọ sílé lọ́jọ́ tí mo bá ní ìpàdé ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tí wọn ò fẹ́ ni wàhálà. "Ẹ má dá wàhálà sílẹ̀ fún mi" ni wọ́n fi ń parí ìpàdé wa láràárọ̀, bí ẹni ń ka oore-ọ̀fẹ́.

Ní oṣù kìíní, tí ọyẹ́ ṣì mú, wọ́n rán wa lọ sí ìsàlẹ̀ Bẹyẹrunkà. Ọlọ́rọ̀ kan tó fẹ́ du ipò òṣèlú ti ṣèlérí pé òun máa gbẹ́ bọ́hóòlù fún àdúgbò kan níbẹ̀. Iṣẹ́ wa ni pé kí a lọ gba ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ lẹ́nu àwọn ará àdúgbò. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: omi ò tíì sí, wọn ò tíì fi ohunkóhun kan ilẹ̀ ju èèkàn kan lọ, àmọ́ ìdúpẹ́ gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀.

Wọ́n sì dúpẹ́ lóòótọ́. Ẹni tó ti ń ru omi gun òkè látìgbà tó ti gbọ́njú, tí o bá ní o fẹ́ fún un ní omi lẹ́nu ọ̀nà, kí ló fẹ́ ṣe ju kó dúpẹ́ lọ? A ti ń palẹ̀ mọ́ nígbà tí Bọ̀dá fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ mi pé kí n wo ìyá arúgbó kan tó jókòó sórí àga níwájú ilé alámọ̀ kan tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́. Ìyá Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Wọ́n ti kọ́ ọmọ ní ilé ìwé àwọn Onítẹ̀bọmi títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ìró àti bùbá wọn mọ́ tónítóní, wọ́n fi okùn so gíláàsì ojú wọn mọ́ ọrùn. Wọ́n ti ń wò wá látìgbà tí a ti dé bí ẹni ń wo ọmọ kíláàsì tó ń ṣe àṣìṣe lójú pátákó.

Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo na máìkì.

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà," ni wọ́n wí. "Ọlọ́run á bù kún un. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n fi èèkàn sí yẹn, wọn ò ní rí omi níbẹ̀."

"Kí ló dé, mà?"

"Àpáta ni. Bàbá mi àti àwọn ẹgbẹ́ wọn gbẹ́ ẹ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ojú mi ló ṣe. Omi òjò ló ń sun síbẹ̀. Bí ọyẹ́ bá ti dé, á gbẹ kanlẹ̀. Àwọn mìíràn tún gbẹ́ ẹ lẹ́yìn tiwọn, bákan náà ló rí. Dìde, ọmọ mi, jẹ́ kí n fi ibi tí omi wà hàn ọ́."

Wọ́n mú ọ̀pá, wọ́n sì ń lọ níwájú. Bọ̀dá ń fẹ̀yìn rìn níwájú wọn pẹ̀lú kámẹ́rà léjìká, díẹ̀ ló kù kí wọ́n jókòó lé àgùntàn lórí. Àwọn ọmọdé mélòó kan tẹ̀ lé wa, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, obìnrin kan yọ fóònù. A gba àárín ilé méjì kọjá, a sọ̀ kalẹ̀ sí ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú lẹ́bàá kòtò àgbàrá. Ìyá fi ọ̀pá gún ilẹ̀.

"Ìhín ni. Nígbà tí gbogbo kànga bá gbẹ, ilẹ̀ ìhín kì í gbẹ. Ẹ sọ fún un kó wá bá mi kó tó náwó. Mi ò ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Kó ṣáà wá."

Inú mi dùn bí a ti ń padà lọ. Mo ti ń kọ ìròyìn náà lọ́kàn nínú ọkọ̀. Mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí tó láti mọ̀ pé ìròyìn tó wúlò kì í pọ̀ lọ́dún, àti pé ọ̀kan ti bọ́ sí wa lọ́wọ́ ní oṣù kìíní.

Ọ̀gá jókòó tì mí nígbà tí mò ń ṣe àtúnṣe rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Nígbà tí ìyá sọ pé "Ọlọ́run á bù kún un", wọ́n gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ gé e níbẹ̀. Ìyẹn ti tó."

"Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ ìyá yìí ò tíì bẹ̀rẹ̀."

"Ìdúpẹ́ la rán yín lọ gbà. Ṣé wọ́n dúpẹ́ àbí wọn ò dúpẹ́?"

"Wọ́n dúpẹ́, sà. Ṣùgbọ́n—"

"Ó parí náà nìyẹn. Ẹni yẹn fẹ́ ṣe oore, ẹ fẹ́ fi ìyá arúgbó dí i lọ́wọ́. Ẹ má dá wàhálà sílẹ̀ fún mi."

Mo gé e. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo àdúgbò rí Ìyá Tíṣà lórí tẹlifíṣàn tí wọ́n ń súre fún ọlọ́rọ̀ náà, wọn ò sì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kẹta, mo gbọ́ ọ̀pá lórí àtẹ̀gùn wa. Kò sí ẹni tó ń fi ọ̀pá gun àtẹ̀gùn yẹn tẹ́lẹ̀, ó ga, ó sì dúró ṣánṣán. Nígbà tí ìyá fi máa dé yàrá wa, wọ́n ti ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo sáré gbé àga. Wọn ò jókòó.

"Ọmọ mi, ìdajì ẹnu mi lo gbé jáde. Níbo lo fi ìdajì tó kù sí?"

Mo ní kí wọ́n má bínú. Mo ní ó wà lọ́wọ́ mi, pé a ó gbé e jáde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo yọ káàdì náà nínú kọ̀ǹpútà lójú wọn, mo fi sínú àpò ìwé, mo kọ "ÌYÁ TÍṢÀ, Ẹ MÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN" sí i lára, mo tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀ mi. Wọ́n wò ó, wọ́n mi orí. Ìgbà náà ni wọ́n tó gba omi tí mo gbé fún wọn.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn ò dé. Lọ́sẹ̀ kìíní, ìpàdé àwọn olóyè ni ọ̀gá ní kó ṣáájú. Lọ́sẹ̀ kejì, ilé ẹ̀kọ́ kan ń ṣe eré ìdárayá, aya ẹni tó ni ilé ẹ̀kọ́ náà sì fẹ́ rí ara rẹ̀ lórí tẹlifíṣàn. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan ṣí ilé ìtajà, ẹnì kan dé láti Mẹ́kà, ẹnì kan pé ọgọ́rin ọdún. Mi ò ní ẹjọ́ pẹ̀lú ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ Ọjọ́ Ajé ni mo ń mẹ́nu ba ìyá, láràárọ̀ Ọjọ́ Ajé náà sì ni ọ̀gá ń sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí èyí lọ ná."

Nígbà tó di oṣù kẹta, wọ́n gbé ẹ̀rọ wá sí Bẹyẹrunkà, ibi èèkàn yẹn gan-an ni wọ́n sì dojú rẹ̀ kọ. Mo pe ọkùnrin tó ń gbẹnu sọ fún ọlọ́rọ̀ náà. Mo ṣàlàyé fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó rẹ́rìn-ín.

"Madam, ẹ̀rọ la fi wá omi. Ṣé ẹ fẹ́ ká fi ọ̀pá ìyá arúgbó wá a ni?"

Ó pa fóònù. Láti ìgbà yẹn ni mo ti rí èsì bíi mẹ́wàá tí mo lè fún un.

Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn Àjíǹde, Ìyá Tíṣà sùn, wọn ò jí. Wọn ò ṣàìsàn. Mo lọ síbi ìsìn ìkẹyìn, mo jókòó sẹ́yìn pátápátá. Ọmọ wọn obìnrin, ẹgbẹ́ mi kan tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Òkè-Àdó, ló ka ìwé nípa ìgbésí ayé wọn. Nígbà tí a jáde, ó dì mọ́ mi, ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ gbé màmá mi sórí tẹlifíṣàn. Wọ́n sọ̀rọ̀ yín." Mi ò bi í léèrè ohun tí wọ́n sọ.

Ó wá di oṣù kẹfà. Òjò ti ń rọ̀ dáadáa, bọ́hóòlù ti parí, wọ́n fẹ́ ṣí i. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mọ́tò tó fẹ́ gbé wa ti dúró nísàlẹ̀, ó ń fọn fèrè. Ọ̀kan nínú káàdì wa méjèèjì ti bàjẹ́ láti ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀gá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Káàdì kejì ńkọ́?"

"Ọ̀rọ̀ Ìyá Tíṣà ló wà nínú rẹ̀, sà."

"Ìyá tó ti kú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Wọn ò sọ pé kí n pa á rẹ́. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka èyí mọ̀ pé wọn ò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kàn wo aago ọwọ́ wọn, wọ́n wò mí, wọ́n tún wo aago. Mo ní oṣù márùn-ún gbáko tí mo lè fi pa ìdọ̀tí inú kọ̀ǹpútà yẹn rẹ́ kí n fi àyè gba ìyá. Mo lè yá dísíìkì tí a ń kó fídíò pamọ́ sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Mi ò ṣe é. Mò ń dúró kí ilé iṣẹ́ ṣe é, nítorí mo ti kọ lẹ́tà. Fèrè mọ́tò tún dún. Mo ya àpò ìwé náà, mo ki káàdì bọ inú kámẹ́rà, kámẹ́rà sì béèrè bóyá ó dá mi lójú pé mo fẹ́ pa ohun inú rẹ̀ rẹ́.

"Àǹtí," ni Bọ̀dá wí jẹ́ẹ́jẹ́, "ṣé kí ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́ ná?"

Mo tẹ̀ ẹ́.

A lọ. Wọ́n ṣí ẹnu ẹ̀rọ, omi tú yàà, funfun báláú. Ọlọ́rọ̀ náà bu omi sí àtẹ́lẹwọ́, ó mu ún, gbogbo èèyàn pariwo. Èmi ni mo ka ìròyìn náà nírọ̀lẹ́. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́ níbi tó yẹ kí n ti rẹ́rìn-ín.

Ní ìparí oṣù kọkànlá, omi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọra kán. Nígbà tó di oṣù Kérésìmesì, afẹ́fẹ́ ló kù tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. Àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ni ọkùnrin agbẹnusọ yẹn bá lọ sórí rédíò. Ó ní àwọn ti kàn sí àwọn àgbà àdúgbò kí àwọn tó gbẹ́ ohunkóhun, kò sẹ́ni tó ta kò ó, kódà ìyá arúgbó kan súre fún àwọn lórí tẹlifíṣàn, gbogbo ayé sì rí i.

Inú kẹ̀kẹ́ Marúwá ni mo wà nígbà tí mo gbọ́ ọ, ní Ìdí Arẹrẹ. Mo ní kí awakọ̀ dúró, mo sọ̀ kalẹ̀, mo fẹsẹ̀ rìn dé ibi iṣẹ́. Bí mo bá jókòó, mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe.

Nọ́ọ̀sì, ọmọ Ìyá Tíṣà, wá lọ́jọ́ kejì. Ó wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Kò pariwo.

"Màmá mi sọ fún mi pé àwọn sọ ọ́. Wọ́n ní àwọn fi ibi tí omi wà hàn yín. Àwọn ará àdúgbò ti ń wò mí bí ọmọ ẹni tó gbàbọ̀dè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní fídíò náà."

"Mo ti pa á rẹ́."

Ó rò pé òun ò gbọ́ dáadáa. Mo tún un sọ. Mo sọ ìdí tí mo fi pa á rẹ́, bí mo sì ti ń sọ ọ́ ni ìdí náà ń kéré sí i lẹ́nu mi. Ó jókòó sórí àga tí ìyá rẹ̀ kọ̀ láti jókòó sí.

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ omi nìkan," ló wí. "Mi ò ní ohùn màmá mi níbòmíràn."

Bọ̀dá wà nídìí fèrèsé, wọ́n ń nu kámẹ́rà. Lójijì ni wọ́n dá aṣọ ìnuǹkan dúró.

"Obìnrin aránṣọ kan wà lẹ́yìn mi lọ́jọ́ yẹn," ni wọ́n wí. "Ó ń fi fóònù yà wá. Mo ní kó kúrò lọ́nà, kò kúrò."

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ lọ. Ṣọ́ọ̀bù aránṣọ náà kọjú sí ilé Ìyá Tíṣà. Ó rántí, ó tilẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún Bọ̀dá, àmọ́ fóònù tó lò nígbà yẹn ti bọ́ sínú omi. Ó wá ní kí a dúró ná: òun ti fi fídíò náà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n òun ní Ṣakí lórí Wasáàpù lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó lè rí òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn oní-tẹlifíṣàn. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní òun á wò ó. Ọjọ́ méjì ló fi wò ó.

Fídíò náà dé. Ó ń mì, àtàǹpàkò aránṣọ bo apá kan rẹ̀, ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín sí i létí. Ṣùgbọ́n ohùn ìyá yè kooro, láti "mo dúpẹ́" títí dé "kó ṣáà wá". Nọ́ọ̀sì gbé fóònù náà mọ́ etí, ó sì kọjú sí ògiri.

Mo gbé e lọ bá ọ̀gá. Wọ́n wò ó tán.

"Kò mọ́," ni wọ́n wí. "Irú àwòrán yìí ò bójú mu fún tẹlifíṣàn."

"Sà, wọ́n ń fi ìdajì ọ̀rọ̀ tí àwa gé parọ́ mọ́ òkú."

"Mo mọ̀. Inú mi náà ò dùn sí i. Ṣùgbọ́n ọlọ́rọ̀ yẹn ń bọ̀ wá ṣe ètò níbí ní ọdún tuntun. Ẹ fi sílẹ̀."

Mo fẹ́ fi sílẹ̀. Mo lọ sílé pẹ̀lú èrò pé mo ti fi sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, mo jókòó ka ìròyìn agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, tí a máa ń gbé jáde lójú ẹsẹ̀. Mo ka ti olóyè, mo ka ti eré bọ́ọ̀lù. Nígbà tó yẹ kí n sọ pé ó dàbọ̀, mo gbọ́ ara mi tí mo ń sọ pé ilé iṣẹ́ yìí ti gé ọ̀rọ̀ ìyá kan sí méjì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, pé èmi ni mo gé e, àti pé èyí ni ohun tó ṣẹ́ kù. Mo gbé fóònù mọ́ máìkì àyà mi, mo tẹ̀ ẹ́. Bọ̀dá lè yí kámẹ́rà sí ibòmíràn. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n rọra mú un sún mọ́ fóònù náà títí tí ojú ìyá fi kún inú rẹ̀.

Ìyá sọ ti àpáta. Wọ́n sọ ti bàbá wọn. Wọ́n ní "Dìde, ọmọ mi", àwòrán bá lọ, orin ìpolówó ọṣẹ gba ojú rẹ̀. Ọ̀gá ti sáré dé yàrá tí a ti ń darí ètò. Mo gbọ́ bàtà wọn.

Wọn ò bú mi. Wọ́n dúró níwájú tábìlì tí mo ti ka ìròyìn, òógùn bò wọ́n.

"Kí ni mo fi ṣe yín?" ni wọ́n béèrè. Ìbéèrè náà ti ọkàn wọn wá. Ó dun wọ́n ní tòótọ́.

"Ẹ ò fi nǹkan kan ṣe mí, sà. Ìyá yẹn la fi ṣe."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìwé ẹ̀sùn tí ọ̀gá kọ sí mi ti wà lórí tábìlì mi. Àtẹ̀gùn náà sì ti kún: àwọn ará Bẹyẹrunkà ni, wọ́n ní àwọn ń wá ibi tí ìyá tọ́ka sí, nítorí ìpolówó ọṣẹ ni àwọn rí dípò rẹ̀. Mi ò ní ọ̀nà mìíràn ju fóònù sí fóònù lọ. Mo dúró lórí àtẹ̀gùn, mo ń fi ránṣẹ́ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ìwé ẹ̀sùn wà lábíyá mi. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, fídíò náà ti dé Òkè Pádrè. Agbẹnusọ yẹn ò tún sọ̀rọ̀ ìyá lórí rédíò mọ́. Kò sì tọrọ àforíjì.

Wọ́n gba ìròyìn lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní kí n máa ka ìpolówó títí tí ọ̀rọ̀ fi máa rọlẹ̀. Bọ̀dá ò rí ìwé ẹ̀sùn, wọ́n ní kámẹ́rà ló ṣàdéédéé sún, ọ̀gá sì gbà bẹ́ẹ̀ nítorí kò sí oníkámẹ́rà mìíràn.

Ní oṣù kìíní ọdún tuntun, nọ́ọ̀sì àti àwọn onílé àdúgbò dáwó jọ, wọ́n bẹ agbẹ́kànga méjì. Bọ́hóòlù kọ́, kànga lásán tí a ń fi okùn àti korobá fa omi rẹ̀ ni wọ́n ní kí wọ́n gbẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, ìdílé tó ni ilẹ̀ ẹ̀bá kòtò sì dá wọn dúró lẹ́ẹ̀mejì nínú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì pè mí pé ọ̀la ni wọ́n máa kan omi, kí n wá. Mo ní n ó wá.

Mi ò lè lọ. Onílé búrẹ́dì kan ti fi ìpolówó sílẹ̀, kò fẹ́ràn bí mo ṣe ń pe "rírọ̀", ó ní kí n tún un kà. Mo kà á láti aago mẹ́sàn-án títí tí oòrùn fi kan àtàrí. Mo wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí aránṣọ pè. Ariwo pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Àǹtí, omi ti dé o! Ó dé orúnkún àwọn agbẹ́kànga! Àmọ́ àwọn onílé ti ń jà báyìí lórí ẹni tó máa mú kọ́kọ́rọ́ ìdérí kànga lọ́wọ́."

Mo ní kó gbé fóònù náà sún mọ́ kànga kí n lè gbọ́ ìró omi náà. Onílé búrẹ́dì gbá gíláàsì yàrá pé òun ń dúró.